Ìkẹ́dùn lórí Mojọlá Ògúnlẹ́yẹ, Ẹni Tó Fi Ìṣirò Tú Èrò Ilé-Ìwòsàn Ká

Sí Bàbá Hezekiah Ògúnlẹ́yẹ, Ìyá Mojọlá, àti gbogbo ẹbí,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.

Oṣù Kẹsàn-án, 1963

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá, àti ìbínú tí a kò ní fi pamọ́ fún yín, ni àwa Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìwòsàn Ìtura, Bẹẹrẹ, fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ọmọ yín, Mojọlá, akọ̀wé àgbà wa. Ibà ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ. Ikú ṣe wá léṣe, a kò sì mọ bí a ṣe lè sọ ọ́ kó dùn.

Nígbà tí Mojọlá dé ọ̀dọ̀ wa láti yunifásítì, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, láti ìdájí ni èrò ti ń kún ẹnu ọ̀nà wa. Gbogbo wa gbà pé aláìsàn ló pọ̀ jù, pé nọ́ọ̀sì ló kéré. Mojọlá kò gbà. Ó jókòó ti fèrèsé tí àwọn aláìsàn ti ń gba káàdì, ó ń wo bí èèyàn ṣe ń yára wọlé àti bí akọ̀wé ṣe ń yára dá wọn lóhùn. Ó wá fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ odindi òwúrọ̀ kan sórí pátákó, kó lè mọ ibi tí ìlà ti ń dí kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn kan nínú wa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé áljẹ́bírà ló máa wo ibà sàn.

Ìṣirò àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n. Ìwé tó kọ́ ọ sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, àmọ́ ẹni tó kọ ìwé náà kò dé Ìbàdàn rí. Níhìn-ín, bí àgbàlagbà bá yọ láti Òjé tàbí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ́ tó wà níwájú á kúnlẹ̀ kí i, á sì yẹ̀ fún un. Mojọlá rí abiyamọ kékeré kan tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó yẹ̀ fún bàbá kan, ó yẹ̀ fún ìyá kan, títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọmọ náà yè, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Mojọlá sunkún lọ́jọ́ náà. Ó pa ohun tó wà lórí pátákó rẹ́, ó ka ọ̀wọ̀ àgbà mọ́ ìṣirò rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó pín àwọn akọ̀wé sí fèrèsé méjì: àwọn àgbà ní tiwọn, àwọn abiyamọ ní tiwọn pẹ̀lú bẹ́ńṣì níwájú rẹ̀, níbi tí wọn kò ti ní rí ẹni tí wọ́n máa yẹ̀ fún. Láti ìgbà náà, abiyamọ ti ń gba oògùn lọ sílé kí oòrùn tó mú.

Ẹ ti gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwòsàn ṣe. Ilẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí a padà sí ìlà kan ṣoṣo, pé eré ọwọ́ obìnrin tí kò sí mọ́ ni ètò náà. Ẹ gbọ́ ìdáhùn wa láti ẹnu wa: a kò padà. Àwọn akọ̀wé tí Mojọlá kọ́ mọ ìṣirò náà dunjú, wọ́n sì ń ṣe é lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnì kan nítorí rẹ̀, kí wọ́n yáa lé gbogbo wa.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n rán àwọn lébìrà wá gbé bẹ́ńṣì kúrò. Àwọn abiyamọ wà lórí rẹ̀, kò sì sí èyí tó dìde. Ìyá Àṣàbí, àgbàlagbà kan láti Ọjà'ba, fi fèrèsé tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó sáàárín wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé èmi náà mọ́ ọn, ẹ jẹ́ n rí i." Àwọn lébìrà dọ̀bálẹ̀ kí màmá, wọ́n sì padà lọ láìgbé bẹ́ńṣì.

Bàbá, Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọmọ yín bá a wọlẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá nílò ọwọ́ fún, ẹ ránṣẹ́ sí Bẹẹrẹ, a ó dé.

Kí Ọlọ́run tó ń gbọ́ igbe ọmọ ìkókó gbọ́ ẹkún yín, kó nu omijé yín nù, kó má fi irú èyí kàn yín mọ́. Ìtùnú ni a ń tọrọ fún yín. Ní tiwa, agídí ni kó fún wa.

Àmín.

Àkíbù Àjàní,
Alága, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.