Ilé Wa Kò Rìn Mọ́, Rhonda

Ojúlé 41, Ọgbà Quail Bend,
Almond Wells, California.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Rhonda ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí òtútù San Francisco tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí oṣù yìí kò ní jẹ́ kí n fojú sunkún rẹ. Ara mi le. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn mí, ẹnu náà ni mo sì ń lò lọ́wọ́ báyìí.

O ti gbọ́ pé wọ́n ta ọgbà ilé onítáyà wa. Ilé iṣẹ́ Heron Crest tó rà á fi ìwé há wa lẹ́nu ọ̀nà pé owó ilẹ̀ tí mò ń san, ọ̀rìnlénírinwó dọ́là lóṣù, yóò di ẹgbẹ̀rin láti oṣù Kẹfà. Ilé jẹ́ tiwa, bàbá rẹ san án tán kó tó kú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò lè san iye yẹn kí n sì tún jẹun, bí n kò bá sì san án, wọ́n á lé mi jáde.

Mo kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì wọn. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e, ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì sí àwọn gan-an, kí n ní sùúrù. Mo bá ro ẹjọ́ mi fún un látòkèdélẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, àfi kó máa tún un sọ pé òun ò gbàgbé mi. Mo pè lọ́jọ́ kejì, òun náà ni. Mo pè ní ọjọ́ Àìkú, òun náà ni! Ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò jẹ́ kó lọ sílé. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn pé kó fún un nísinmi, wọn ò fèsì. Wọ́n tún ní ká má mú sọwédowó wá mọ́, ká yà á ní fọ́tò ká fi ránṣẹ́. Mo fi kámẹ́rà bàbá rẹ yà á, mo fọ fọ́tò náà, mo lẹ sítáǹbù méjì mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn ò rí owó. Mo ní ṣé fọ́tò náà ò mọ́lẹ̀ tó ni?

Ọ̀gbẹ́ni Baeza ti ojúlé 38, ẹni tó tẹ́ táìlì ilé ìdáná wa, ló ní àwọn ìlú kan wà tí ìgbìmọ̀ ìlú ti ṣòfin pé ẹni tó ni ọgbà ò lè fi ju díẹ̀ lé owó ilẹ̀ lọ́dún, àyàfi tó bá wá síwájú wọn wá wí ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ìlú tiwa káàkiri, ojúlé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni wá, gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ń sùn, mo jí i.

Nígbà tá a dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, lọ́yà Heron Crest dìde, ó ní ta ló dè wá mọ́lẹ̀, ṣebí ilé onítáyà ni ilé wa, bí owó bá pọ̀ jù fún wa, ká wọ́ ọ lọ síbòmíràn. Àwọn èèyàn ń kùn. Èmi ò kùn o. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà mọ́gbọ́n dání, ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń gbébẹ̀, n kò sì béèrè rí bóyá ó ṣeé wọ́. Mo délé, mo pe Clyde Hutto tó máa ń fi tírélà wọ́ irú ilé wa, mo ní kó wá wọ́ tèmi. Mo ti di àwọn àwo mi sínú páálí kó tó dé.

Ó wọ abẹ́ ilé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, òwú aláǹtakùn bo fìlà rẹ̀. Ó ní irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, táyà ti di yàrá eku, bí òun bá fà á, ilé ìdáná á dé Nevada, yàrá mi á ṣì wà ní Almond Wells. Ó ní ká tiẹ̀ ní ó ṣeé fà, ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là ni, kò sì sí ọgbà tó máa gba ilé tó gbó tó yẹn. Mo ní kó kọ ọ́ fún mi. Ó ní òun ò mọ̀wé kọ púpọ̀, òun á kúkú wá sọ ọ́.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti sọ̀rọ̀, mo fi tèmi fún Clyde. Nítorí táyà sì ni lọ́yà ń wí, mo ní kí Baeza yọ ọ̀kan, a fi ọmọlanke tì í wọlé, a gbé e kalẹ̀ níwájú wọn. Ìtẹ́ eku já bọ́, alága ká ẹsẹ̀ sókè. Clyde ṣí fìlà, ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun ti ń wọ́ ilé, iṣẹ́ náà ló ń bọ́ òun, òun ò sì ní wọ́ ilé màmá yìí sọdá títì.

Ìgbìmọ̀ dìbò lórí òfin owó ilẹ̀ náà, ẹni mẹ́ta gbà, ẹni méjì kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún dìbò lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kó tó di òfin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, Ọ̀gbẹ́ni Pruett, sì ti ń ṣe ségesège. Ó ní àwọn arúgbó nìkan lòun ń rí, ta ló tún kàn?

O ṣeun tí o ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. N kò wá. Ohun tí mo fẹ́ ni ogójì dọ́là fún epo ọkọ̀ ìjọ tí yóò kó wa lọ, fi sínú àpò ìwé, má fi sórí fóònù, n kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà yọ ọ́.

Èyí tó kù nìyí. Preston àfẹ́sọ́nà rẹ pè mí nígbà Kérésìmesì, ó ní báwo ni oko àjàrà wa ṣe ṣe lọ́dún yìí. Mo ní ó so dáadáa. N kò bínú pé o sọ fún un pé oko àjàrà la ní, Rhonda, ó kàn dùn mí díẹ̀ ni. Mo ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, ìwọ ni ẹni kẹsàn-án tí yóò sọ̀rọ̀. Dìde dúró, kí o sọ fún Pruett pé ojúlé 41 ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Mú Preston dání, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lóhùn lọ́jọ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Verna Stroud.