Ilẹ̀kùn Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣí

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Wọ́n gbà á! Jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀, ti gba iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ lórí àwọn obìnrin tó ń bímọ sílé àdúrà ní agbègbè Odígbó — èmi Ọlọ́runbùnmi, ọmọ àgbẹ̀bí ilé àdúrà Àráròmí-Obù. Mo jó nínú yàrá títí màmá mi fi yọjú wò mí bóyá nǹkan ló ta mí.

Ayọ̀ ò pẹ́. Àjọ tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí mi ní òfin kan: ọjọ́ tí iṣẹ́ bá jáde gan-an ni kí gbogbo ayé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè tọ́jú rẹ̀, kó sì pín in kiri. Jọ́nà ní rárá o, ó di ẹ̀yìn ọdún kan. Ẹni tó bá ń kánjú kó sanwó. Bí mi ò bá sì tẹ̀lé òfin àjọ, wọn ò ní ràn mí lọ́wọ́ mọ́, oyè dókítà tí mò ń lé di àlá nìyẹn.

Láti òní lọ, jọ́nà tó fẹ́ ti iṣẹ́ mi mọ́nú ọgbà ń jẹ́ Ọlọ́gbà. Obìnrin tó ń kọ lẹ́tà sí mi láti àjọ ń jẹ́ Ìyá Òfin.

Ọjọ́rú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti kọ̀wé bẹ Ọlọ́gbà. Kò tíì fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò sí nẹ́tíwọ̀kì nílé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òrè, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Jàmíátù ní gáréèjì, mo fi ibẹ̀ ṣe ọ́fíìsì. Ọ̀rẹ́ mi ni láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ló ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ Bìní. Ó ní ṣé ìwé kan ṣoṣo yìí ni mo ṣì ń kọ, òun ti lóyún, òun ti bímọ, òun ti já a lẹ́nu ọmú, ìwé mi ò tíì rìn. Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí díẹ̀.

Bàbá Ó-Dára — ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà ní yunifásítì, gbogbo nǹkan ló dára lójú wọn — ní kí n kọ̀wé sí Ọlọ́gbà pé òfin àjọ ti wà kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Orí kíréètì mínírà ni mo ti kọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá ojú ọ̀nà.

Jàmíátù wà nínú iṣẹ́ náà. Òun ni Obìnrin Kẹrin. Oyún wálẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá yọ́ lọ sọ́dọ̀ màmá mi, ibẹ̀ ló sì bímọ sí. Sàídù ọkọ rẹ̀, awakọ̀, rò pé ọsibítù kan ní Oǹdó ni. Àzíìzàt, àbúrò Sàídù, ló kú sórí ìkúnlẹ̀ nílé àdúrà mìíràn. Látìgbà náà ni Sàídù ti búra pé aya tó bá gbé oyún òun lọ sírú ibẹ̀ ti jáde nílé òun. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó rí ekòló á sá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọlọ́gbà gbà! Lọ́jọ́ tó bá jáde ni ilẹ̀kùn máa ṣí. Mo tún un yẹ̀ wò: mo ti pààrọ̀ orúkọ gbogbo àwọn obìnrin, mo yọ orúkọ abúlé, mo yọ ti màmá mi. Bàbá Ó-Dára ní ó dára. Mo gbé e sínú ilé ìkówèésí yunifásítì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó ti jáde! Mo fi ránṣẹ́ sí Olúwadárasími, tíṣà ní Àgọ́ Aláyé, òun náà fi sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù àwa ọmọ ilẹ̀ Odígbó. Àdúrà lóríṣiríṣi. Ọmọ wa àtàtà. Orí ẹ pé. Màmá mi ní kí n ka orúkọ mi jáde lórí fóònù fáwọn. Mo kà á. Wọ́n ní, "Ọma mi, o ti ṣe é," wọ́n sì bú sẹ́kún. Èmi náà bá wọn sun ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó le kú, ìjà Òrè.

Beauty, aránṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé: "Obìnrin Kẹrin yìí, ṣé ìyá Ìgè kọ́ nìyí?" Ó to àwòrán ẹ̀rín sí i nídìí.

Mo ṣí iṣẹ́ mi. Ó wà níbẹ̀ gedegbe: obìnrin tó ń ta ohun mímu ní gáréèjì — ẹsẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ mú jáde. Ẹsẹ̀! Mo pa Àbdùlràhmọ̀n rẹ́, orúkọ tí àwọn ààfáà sọ ọmọ náà, mo wá fi bó ṣe wáyé sílẹ̀. Yorùbá wo ló máa ka ìyẹn tí ò ní pè é ní Ìgè? Gbogbo gáréèjì ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgè mélòó ló wà níbẹ̀? Àwọn òyìnbó tó yẹ iṣẹ́ náà wò fún jọ́nà ò lè mọ̀. Bàbá Ó-Dára ò wò ó dáadáa. Èmi ńkọ́? Ọmọ àgbẹ̀bí! Èdè òyìnbó ni mo fi ń ronú nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ojú tì mí, inú sì ń bí mi sí ara mi.

Mo bẹ Olúwadárasími, ó ti pa á rẹ́ nínú ẹgbẹ́. Ó pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà ni mò ń kọ — sí ilé ìkówèésí, sí Ọlọ́gbà, sí Ìyá Òfin. Ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ilé ìkówèésí yára. Wọ́n yọ ti àkọ́kọ́, wọ́n fi èyí tí mo tún ṣe síbẹ̀. Ọlọ́gbà ní àwọn náà á tún tiwọn ṣe. Ìyá Òfin ṣàánú mi, kí n má purọ́. Ó ní òfin àwọn ò fìgbà kan ní kí n tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ fóònù aráyé, kò sí ẹni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí mo torí ẹ̀ bẹ Ọlọ́gbà náà nìyẹn. Ẹyin lohùn.

Bó bá ṣì wà nínú ọgbà ni, Beauty ò ní rí i. Ọgbà tí mò ń bú! Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kọ́ ló ṣẹ̀. Èmi ni mo gbé Jàmíátù kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ sọ fún un. Ó ń to ìgò sínú yìnyín. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Kò pariwo. Ó bi mí pé ta ló ti kà á. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Bùnmi, o ò mọ̀?" Oníbàárà kan dé, ó tajà fún un, ó fún un ní ṣéńjì, ó ní ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé Sàídù ń bọ̀ láti Bìní lọ́la, òun fúnra òun lòun máa sọ fún un kí ará gáréèjì tó sọ ọ́ fún un. Mo ní ṣé kí n wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa lọ.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Fóònù Jàmíátù ò lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Jàmíátù wà nílé wa. Òun, Ìgè, àti ẹrù. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n dé. Ó ní Sàídù ò na òun, kò bú òun. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe Àzíìzàt, Àzíìzàt, bí ẹni pé ọmọbìnrin náà wà ní yàrá kejì. Ó wá ní kí òun kó ẹrù òun. Màmá mi gbé Ìgè lọ jẹun. Wọn ò wo ojú mi.

Jàmíátù ní kí n ka iṣẹ́ náà fún òun. Mo ní òyìnbó ni. Ó ní òun mọ̀, kí n máa sọ ọ́ ní Yorùbá, gbogbo ayé ló ti lè kà á, òun nìkan ló kù.

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mò ń wá ọ̀rọ̀, mò ń kólòlò. Nígbà tí mo dé ibi tirẹ̀, ó dijú. Oyún tó wálẹ̀. Ìbẹ̀rù. Omi tí màmá mi bù fún un mu. Ó ń mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe wí.

Mo kà á tán. Ó wá bi mí pé níbo ni mo kọ ọ́ sí pé òun ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo tún òkè wò. Mo tún ìsàlẹ̀ wò.

Kò sí níbẹ̀.