Bíréèkì Tó Dákẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí bíréèkì ọkọ̀ mi ti ń han nígbàkigbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n. Mẹkáníìkì wà á yí Ìjerò ká, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Tíṣà, kò sí nǹkan tó ṣe é."

Lónìí, ó dákẹ́. Mo ti ń dúpẹ́ kí Màmá tó sọ pé òun ló rọ epo pupa gba ihò ríìmù táyà wọlé sára bíréèkì, bí wọ́n ṣe máa ń rọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn tó bá ń dún. Ariwo náà ń tì wọ́n lójú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀fọ̀n.

Mo dán bíréèkì wò nínú ọgbà. Ògiri ló dá ọkọ̀ dúró.

Màmá ní, "O ò tiẹ̀ dúpẹ́."

Mo dúpẹ́. Wọ́n ti lọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ bá mi lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ́la.