Apá Ọ̀tún Màmá Lẹ́yìn Sàráà Ọpẹ́

Agbolé Ògúnkúnlé,
Odò-Orí, Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Abdulmajeed, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Kareemah aya rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì ti ń dínkù? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà, nítorí kì í ṣe inú àlàáfíà ni mo ti ń kọ ọ́. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá rẹ wà ní wọ́ọ̀dù wa ní ilé ìwòsàn láti ọjọ́ Ajé. Jẹjẹrẹ ọyàn kọ́ ló padà dé. Apá ọ̀tún wọn ló wú dé ìka, ibà líle sì wà lára wọn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n gé ọyàn náà, wọ́n yọ àwọn kókó kéékèèké kan ní abíyá wọn. Àwọn kókó yìí ló ń jẹ́ kí omi inú apá rí ọ̀nà padà, wọ́n sì ń bá kòkòrò àrùn jà. Bí wọn kò bá sí mọ́, apá náà dà bí àgbàlá tí kò ní gọ́tà. Ọgbẹ́ tí èmi àti ìwọ kò ní kà sí lè gbẹ̀mí ẹni tó ni irú apá bẹ́ẹ̀. Títí ayé ni yóò máa yàgò fún iná.

O rántí sàráà ọpẹ́ tí ẹ ṣe fún ìwòsàn Màmá ní Ilé-Ogbó. Nusirat ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun fẹ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ Màmá, Màmá ní ṣé kí àwọn jókòó máa wo bí ẹni tí kò mọ ẹran dín yóò ṣe sọ àgbò ọpẹ́ àwọn di èédú ni? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni òróró gbígbóná ti ta sí wọn lápá ọ̀tún náà. Wọ́n fi hìjáàbù bò ó, wọ́n lọ jókòó ti àwọn ààfáà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bò ó.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ. Wọ́n ní:

"Fọládé, ìwọ lo ní ìtọ́jú ti parí. Ọmọ mi pa àgbò, àwọn ààfáà ṣàdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹnu wo ni mo tún fẹ́ fi sọ pé ara ń ro mí? Kí wọ́n lè ní aláìmoore ni mí?"

Èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́. Mo ní ó ti parí, mo fún wọn ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì ojú méjì nípa bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú apá náà. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, síbẹ̀ mo pe ẹni tó kàn wọlé. Ìwé náà ṣì wà nínú báàgì wọn, wọ́n ká a dáadáa. Ojú kejì ni ọ̀rọ̀ iná wà.

Ibà náà ti ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ: apá náà kò ní padà sí bó ṣe wà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ó sì máa yẹ̀ wọ́n wò, bóyá jẹjẹrẹ náà fẹ́ padà. Bí nǹkan bá tún ń ro wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Jọ̀wọ́, wá sílé. Sọ fún wọn lójú Nusirat pé ẹni tó dúpẹ́ ṣì lè kérora. Ìwọ lo pa àgbò. Ẹnu rẹ nìkan ni wọn yóò ti gbà á.

Bá mi kí Kareemah àti àwọn ọmọ. Màmá ní kí n má sọ fún ọ. Mo ní dandan ni kí n kọ̀wé. Wọ́n ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ṣì ń dúpẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé,
Fọládé Ògúnkúnlé.