Ọkọ̀ Bàbá Mi Ń Payín Keke

                              Ọ́fíìsì Ọ̀gá Pátápátá Gbogbo Mẹkáníìkì Ayé,
                              Ilé Alájà Ogójì.
                              Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Gìrìpá,

Láti orí àga mi tó ń pòòyì, pẹ̀lú táì lọ́rùn àti akọ̀wé mẹ́ta tó ń ṣọ́ ikọ́ tí mo bá wú, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti lọ? Àbúrò rẹ tó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsù, ṣé ó ṣì ń jẹ ẹ́? Ilé tuntun tí ẹ kó lọ, ṣé ó ti mọ́ yín lára? Ara èmi náà le, àfi etí mi òsì tó ṣì ń hó díẹ̀. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìròyìn tó dé ọ́fíìsì wa ni pé ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù funfun kan, tó ní ilẹ̀kùn búlúù kan ṣoṣo, fẹ́ pa ènìyàn mẹ́ta. O mọ ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwọ àti ọmọkùnrin kan tó rẹwà gidigidi máa ń jókòó sí, tí ọmọkùnrin náà á fi ẹnu dún bí bíréèkì tó ti jẹ tán, tí bàbá rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, tí ẹ̀yin méjèèjì á wá máa fi ọwọ́ di ẹnu.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, Bàbá ń gbé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn, lọ sí ọsibítù ìsàlẹ̀ òkè. Ojú Ìyá Àgbà tó ti bò ni dókítà fẹ́ ṣí. Dókítà náà kì í ṣe ará ibẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, ó ti lọ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà wà níwájú, ọmọ náà wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà kan báyìí, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í payín keke: kẹ̀rẹ̀rẹ̀-gùrùrù, bí irin tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ iyanrìn. Bàbá yọrí lójú fèrèsé. "Odídẹrẹ́! Lónìí náà? Lónìí tí mo gbé màmá mi?" Odídẹrẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà nílé, nítorí ẹnu rẹ̀. Níwájú díẹ̀, ó tún dún. Bàbá páàkì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fọ́ ọ létí. Etí òsì. Ọmọ náà búra títí, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, ohùn Bàbá ló fi pe aládùúgbò jáde nílé ìwẹ̀, tọṣẹtọṣẹ.

Bàbá fi í sáàárín àwọn àti Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kó bu omi sẹ́nu, kó má gbé e mì, kó má tu ú dà. "Tí mo bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn délé." Ọkọ̀ gbéra. Bàbá ń fojú kan wo ọ̀nà, wọ́n ń fojú kan wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bíi bọ́ọ̀lù. Àpáta wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún, kò sí nǹkan kan rárá, òfìfo ni títí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà yà sí òsì. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀-gùrùrù!

Omi wà lẹ́nu mi, Gìrìpá! Mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí odi. Ìyá Àgbà ló gbà mí: "Ẹnu ọmọ yìí kọ́ o. Ẹnu tiẹ̀ kì í mi ilẹ̀ tí mo gbẹ́sẹ̀ lé."

(Lẹ́nu ọmọ náà ni mo fẹ́ kọ. Àṣírí ti tú, jẹ́ kí n máa kọ ọ́ bó ṣe wá.)

Bàbá dúró, wọ́n pe mẹkáníìkì wa, Bọ̀ọ̀dá Gíríìsì, lórí fóònù. Bọ̀ọ̀dá ní kí Bàbá yí sítíárìn bí ọkọ̀ ṣe dúró yẹn. Wọ́n yí i, kò dún. "Kì í ṣe sítíárìn nìyẹn. Báwo ló ṣe ń dún gan-an?"

Bàbá ní, "Ó ṣáà ń... ó ń dún." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣe é fún wọn."

Mo gbé omi mì. Mo ṣe é: jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wá le bó ṣe le ní kọ́nà, pẹ̀lú kọ̀, kọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wá bi mí:

"Tí ẹ bá yà sí ọ̀tún ńkọ́?"

Mo ní kì í dún, òsì nìkan ni.

"Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ o! Béárìn tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún níwájú yí ni. Tí ẹ bá yà sí òsì, òun ni gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ń tẹ̀. Mò ń bọ̀."

Oòrùn ń gòkè, Ìyá Àgbà ń béèrè bóyá ọ̀sán ti tó, Bàbá ń dá wọn lóhùn pé rárá, wọ́n sì ń parọ́. Bọ̀ọ̀dá gun ọ̀kadà dé, wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n mì ín. Ó ń yẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Wọ́n fọwọ́ yí i, ó kọ orin tí mo kọ gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ béárìn náà, àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀ ti jẹ, gíríìsì rẹ̀ ti di ẹrùpẹ̀ dúdú. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ó kù díẹ̀ kí táyà yìí gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ." Bàbá wo apá ọ̀tún ọ̀nà, wọ́n jókòó sórí òkúta.

Nígbà tí béárìn tuntun tí Bọ̀ọ̀dá gbé wá wọlé tán tí a tún yà sí òsì, gbogbo wa tẹ́tí sílẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa.

Dókítà ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí Bàbá pọn Ìyá Àgbà sáré wọlé. Ó wò wọ́n, ó tún aṣọ wọ̀, ó sì ṣí ojú náà.

Lọ́jọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì tú bándéèjì ojú Ìyá Àgbà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ohùn Bàbá kí wọn: "Màámi, ẹ kú ewu o." O mọ̀ pé wọ́n máa ń dáhùn, tí wọ́n á máa ṣàdúrà fún Bàbá lórí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tẹjú mọ́ mi títí. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti wá gùn tó báyìí? Ohùn bàbá rẹ ni mo gbọ́, ẹnu rẹ ni mò ń wò." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ kan etí mi òsì, wọ́n sì lọ pe dókítà mìíràn wá wò ó.

Nítorí náà, kò sí táì, kò sí akọ̀wé. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù ni mo jókòó sí kọ èyí, àyè rẹ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bá mi kí Màmá, kí o sì fi pẹ́ńsù kan ta àbúrò rẹ lọ́rẹ.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ, tí mi ò jẹ́ ọ̀gá ẹnikẹ́ni,
Odídẹrẹ́.