Abo Ẹṣin Tí Bàbá Ketill Fẹ́ Tà

Hvammskot,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ.

Halla, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọsibítù, mo kí ọ kú àìsùn. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ará Dẹ́nmáàkì ń jẹ́ kí o jókòó jẹun? Mo mọ̀ pé ìgbà ọdún Kérésì nìkan làwa méjèèjì máa ń kọ̀wé síra wa, nítorí náà má jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí ọwọ́ mi lára àpò ìwé yìí. Kò sí ẹni tó kú. Ara èmi náà le níwọ̀nba, ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Ó ń rẹ̀ mí láàárọ̀ kí n tó ṣe iṣẹ́ kankan, ó sì tún ń rẹ̀ mí lálẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ṣe ìdajì rẹ̀. Tí o bá dé ibi tí mo ti ń kùn, fojú fò ó.

Mo purọ́. Ẹnìkan kú: Mósi ẹṣin mi. Nínú oṣù karùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn kọ̀ láti gbé e dìde. Mo fi gbogbo òwúrọ̀ rọ̀ ọ́, mo fi ọ̀sán pe ọkùnrin oníbọn. Èmi fúnra mi ni mo di ìjánu rẹ̀ mú. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ gun òkè. Mi ò kọ̀wé sí ọ nígbà náà nítorí mi ò fẹ́ kí o rí ibi tí omi ti kán sórí ìwé.

Ìròyìn kejì ni ti Grímur ìbátan wa ní ìsàlẹ̀ odò, tó ti ń gun Fífill ẹṣin rẹ bá mi lọ sórí òkè láti ìgbà tí o ti lọ. Ilé iṣẹ́ ẹja ti gbà á síṣẹ́, ó ti kó lọ sí ìlú. O mọ̀ pé iye àgùntàn tí ilé kan ní ni wọ́n fi ń ka iye ẹlẹ́ṣin tí ilé náà máa rán lọ kó agbo wálẹ̀ láti orí òkè nínú oṣù kẹsàn-án. Méjì ni tiwa. Láti ayé bàbá bàbá rẹ ló ti jẹ́ méjì, a ò sì jẹ́ kí ará ìta lọ ní orúkọ wa rí. Ní báyìí ẹṣin kan ló kù nílẹ̀, ènìyàn kan ló kù nílé. Mo sọ fún ara mi pé bí èyí kò bá ṣeé ṣe lọ́dún yìí, bí agbo bá ti wálẹ̀ ni màá tà á, màá ti ilẹ̀kùn, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi mí, ẹṣin ni mo ń sọ pé mo ń wá. Bí ẹṣin bá ti wà, ènìyàn á yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tan ara mi jẹ.

Inú ìwé ìròyìn àwọn àgbẹ̀ ni mo ti rí ìpolówó náà, láàárín ẹni tó ń ta katakata àti ẹni tó ń wá ìyàwó. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Abo ẹṣin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, aláwọ̀ eérú. Ó lágbára, ó mọ òkè. Kì í ṣe fún ojo. Onísùúrù nìkan ni kó wá.” Mo kà á títí kọfí mi fi tutù. Ìwọ náà mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń polówó ẹṣin. Bí wọ́n bá ní ó fẹ́ràn iṣẹ́, á gbé ọ dé etí òkun kí o tó rí ìjánu fà. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe fún ojo, ó ti ṣẹ́ egungun ẹnìkan nìyẹn. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ní ó mọ òkè kò kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá Ketill ló ni ín, bàbá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń dá gbé ní ìparí àfonífojì kejì. Oddný ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú, ti bá a gba yàrá ní ilé àwọn arúgbó, ó sì ti ta gbogbo ohun ọ̀sìn rẹ̀ àfi ẹṣin yìí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á títí ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ àwọn alápatà á wá gbé e. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàbá náà gbé ẹja gbígbẹ àti bọ́tà síwájú mi, ó sì wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé èmi ni wọ́n mú wá fún títà.

Ó ní, “Ásdís, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?”

Mo ní, “Méjìlélọ́gọ́ta, bàbá.”

Ó ní, “Ọmọdé ṣì ni ọ́. Orúnkún rẹ ló dàgbà jù ọ́ lọ.”

Gola ni wọ́n ń pe ẹṣin náà. Ẹni tó fi orúkọ afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ pe ìjì, ó ń ṣàwàdà ni. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́: àyà rẹ̀ fẹ̀, gọ̀gọ̀ rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ènìyàn. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí mo fi gùn ún, ó gbé mi yí àgbàlá ká bí ọmọlúwàbí. A dé ẹnu géètì, mo darí rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó yí po, ó ké, ó sì sá padà sílé débi pé gọ̀gọ̀ rẹ̀ ni mo dì mú bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Bàbá mi kọ́ mi, èmi náà sì kọ́ ọ, pé bí a bá fẹ́ ra ẹṣin, a óò dá nìkan gùn ún jìnnà sílé, nítorí ẹṣin tí kò lè dá kúrò nílé, a kì í pè é ní ẹṣin. Mo gbé e dé ibi àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Tèmi ò pẹ́ rárá. Mo kàn rí ojú ọ̀run, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sílé, omi tútù sì wọ ẹ̀yìn mi.

Halla, jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn. Mo dùbúlẹ̀ sínú omi yẹn, mo mọ̀ pé kò sí ibi tó kán, mo sì ń sọ nínú ara mi pé: ó tán, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mi ò gbìyànjú, mo lè sinmi. Kò sí ohun tó dì mí mọ́lẹ̀, síbẹ̀ mi ò dìde. Ìgbà tí mo mọ̀ pé ìdùnnú ni ohun tí mo ń gbọ́ nínú ara mi ni ẹ̀rù tó bà mí. Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ketill fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá mi, ó dúró lórí mi, ó ní, “Ásdís, ṣé ẹṣin lo wá rà ni àbí ilẹ̀?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu mi. Ó yíjú sí ọ̀nà òkè bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, kò wò mí títí mo fi nu imú mi tán.

Fún ọjọ́ méjì, ìdí mi dúdú bí ìkòkò, mo sì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ro ó títí. Bí mo bá rà á, á ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Bí mi ò bá rà á, wọ́n á fi iyọ̀ sí ẹran rẹ̀. Bí mo bá ra òmíràn, ta ni yóò gùn ún pẹ̀lú mi? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dìde lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo din àkàrà òyìnbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi ṣúgà wọ́n ọn, mo gbé e lọ fún bàbá náà, nítorí a kì í lọ fi ọwọ́ òfo sọ fún àgbàlagbà pé a ò ra ọjà rẹ̀.

Mi ò tíì la ẹnu nígbà tí Oddný gun ẹṣin pupa tirẹ̀ dé, ó wá bá bàbá rẹ̀ di ẹrù. Gola gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin náà lójú ọ̀nà. Ó gbórí sókè, ó pè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti èkejì mu ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oddný wò ó, ó wo bàbá rẹ̀. Ó ní, “Màmá Halla, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi á máa gun tèmi lọ lápá òsì yín.” Mo ti búra pé mi ò ní gùn ún mọ́. Mo gùn ún. A kọjá géètì, a kọjá àbàtà, a la odò kọjá, a sì ń lọ. Ká ní mo gbé ife kọfí dání, kì bá tí dà. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti gbé mi jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí a padà, mo kojú bàbá náà. Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

Ó ní, “O ò bi mí.”

Oddný ní, “Ẹ dákun, bàbá, ẹ sọ fún wọn dáadáa.”

Bàbá náà yíjú sí Gola. Ó ní ìyàwó òun ló ń gun Gola, òun sì ń gun Kolur lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko. Ìyàwó kú nígbà òtútù èṣí, Kolur sì tẹ̀lé e nígbà tí yìnyín ń yọ́. Ó ní, “Mo kọ́ ẹṣin yìí ní odò, mo kọ́ ọ ní àpáta, mo kọ́ ọ ní yìnyín. Mi ò kọ́ ọ láti dá wà. Èmi gan-an ńkọ́, ta ló kọ́ mi?”

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, mo rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló tú ìjánu lára òpó, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó wọlé, kò jáde mọ́ títí a fi lọ. Oddný gun ẹṣin tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dé ilé. Ní báyìí tí mo ń kọ̀wé yìí, Gola àti Fífill ń jẹ koríko ní ẹ̀yìn ilé, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ewu ọkọ̀ alápatà ti kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ òkè: ẹlẹ́ṣin máa ń fọ́nká débi pé o ò ní rí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ẹni ilé rẹ. Bí kò bá sí ẹni tó gun Fífill lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò ní lọ. Èmi náà kò ní lọ.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná yìí pẹ̀lú àpótí rẹ, o bi mí pé, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n dúró?” Mo ní, “Èmi? Ṣé mo jọ ẹni tó ń wá olùtọ́jú ni? Máa lọ, màá dá a ṣe.” Irọ́ ni mo pa, Halla. Bí o ti lọ tán ni mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì lè fún ẹran ní oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní kí o dúró, o máa dúró, wàá sì kórìíra mi. Mi ò ní kí o padà wá gbé. O ní iṣẹ́ rẹ, o ní ayé rẹ, ó sì dùn mọ́ mi pé o ní in. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń tọrọ, láti Sátidé kejì oṣù kẹsàn-án. Ìyá kì í bẹ ọmọ nílé wa. Ìyá mi ò bẹ̀ mí rí títí ó fi kú, mo sì rò pé agbára ni. Mo ń bẹ̀ ọ́.

Bí o bá wá, bí o kò bá wá, kí Ọlọ́run ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe gbọ̀n lórí aláìsàn. Kí o rí ẹni bá rìn ní ìlú tí o wà, kí ojú má sì tì ọ́ láti pè é nígbà tí o bá ń fẹ́ ẹ, bó ṣe ti ìyá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀bẹ̀,
Ásdís.

Mo tún rántí: Ọba Orí Òkè, bí a ṣe ń pe ẹni tó máa darí wa níbi kíkó agbo wálẹ̀, tẹ̀ mí láago lówùúrọ̀ yìí. Ó ní, “Ásdís, ènìyàn mélòó láti Hvammskot?” Mo ní méjì. Ó ní kí n pe orúkọ wọn kí òun kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì pe tìrẹ kí n tó pe tèmi. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, kọ̀wé kí n ní kó pa á rẹ́. Mi ò ní bínú.