Àpótí Orin Ọ̀gágun

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Ọ̀gágun máa pé ọgọ́rin ọdún ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Roelofje, ìyá ìyàwó mi, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ – nínú ìwé yìí nìkan o. Lọ́dún tó kọjá, a gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tó yẹ kó wà nílẹ̀ wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣí i kúrò ní oṣù Kejì. Láti ìgbà náà, kò tẹsẹ̀ bọ ilé wa. Aukje ìyàwó mi ní, “Wiebren, bí Màmá bá tún fi ìbínú kúrò níbí, ìwọ lo máa lọ bẹ̀ wọ́n. Kò kàn mí.”

Mo ra àpótí orin kan tí èèyàn máa ń tò fúnra rẹ̀: bọ́ọ̀dù, wáyà, bátìrì, aago kékeré. Bí ọjọ́ ìbí ẹnì kan bá pé, tí a sì tan iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á kọrin ọjọ́ ìbí. Ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà ni màá gbé e kọ́. Ó kù kí n fi òjé yíyọ́ jó àwọn wáyà ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo jó ìka. Mo jó tábìlì. Bọ́ọ̀dù nìkan ni mi ò rí jó.

Ọjọ́bọ̀, 7
Bauke aládùúgbò wá kọ́ mi. Ó máa ń tún rédíò ṣe, ariwo ni tirẹ̀. Ó ní wáyà ni kí n kọ́kọ́ mú gbóná, kí òjé wá yọ́ sí i lára. Èmi ń yọ́ òjé, mò ń kán an sílẹ̀ káàkiri. Bauke ní, “Ṣé wáyà lò ń jó ni, àbí ò ń bọ́ adìyẹ?”

Sátidé, 9
Mo parí ẹ̀! Mo fi aago rẹ̀ sí ọjọ́ ìbí Ọ̀gágun, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, mo tan iná, kò kọrin. Kẹ́kẹ́. Mo bú u. Kẹ́kẹ́. Aukje wá lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó já ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lulẹ̀ – gbàmù! – orin bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 13
Bauke fi awò wò ó. Ojú òjé kan ṣú, kò dán. Òjé kàn gbé lé wáyà lásán ni, kò dì mọ́ ọn. Àfi kí nǹkan mì ín kó tó fara kàn án. Mo tún un jó. Ojú ibòmíràn ló tún ṣú. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ìdérí nìkan ló ṣì ń kọrin fún; kò wo ọjọ́, kò wo iná, àfi kí nǹkan ṣáà ti mì ín. Màá gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 16
Ọ̀gágun dé. Kò bọ́ kóòtù. A to àga yí pálọ̀ ká, kọfí, kéèkì ẹyọ kan fún ẹnì kan. Gbogbo èèyàn kí gbogbo èèyàn kú oríire bó ṣe yẹ. Sjoukje, àǹtí Aukje, ló kọ́kọ́ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbàmù. Orin. Bó ṣe jáde, gbogbo wa dìde, a bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, a fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Èèyàn kì í gbọ́ orin yẹn kó jókòó. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ ìbí òun, àmọ́ ẹ ṣé o. Bauke tẹ̀ lé e. Gbàmù. A tún dìde. Nígbà tó yá, àwọn tí ìgbọ̀nsẹ̀ ò gbọ̀n ń tò sẹ́nu ọ̀nà!

Ọ̀gágun nìkan ò lọ. Aukje ò wojú mi.

Nígbẹ̀yìn, Ọ̀gágun dìde. A tẹ́tí, kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. A gbọ́ omi. A ò gbọ́ orin. Mo gbàgbé pé obìnrin yìí kì í já nǹkan lulẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń gbé ìdérí sílẹ̀.

“Gbogbo wọn ni àpótí ẹ kọrin fún, Wiebren. Èmi nìkan ló gbàgbé.”

Ó dùn mí wọra. Mo sáré wọlé, mo já ìdérí lulẹ̀. Orin. Mo tún un já. Orin. Mò ń pariwo, “Tiyín nìyẹn, Màmá! Tiyín náà nìyẹn!” Mo wẹ̀yìn, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni!

Ó yọ àpótí kúrò lára ògiri, ó mì í, ó kọrin, ó jù ú sí báàgì. Mo ní ẹ jẹ́ kí n tún un jó ná. “Fọwọ́ kàn án kí o rí i!” Ó bọ́ kóòtù. Ó bèèrè kéèkì kejì. A fún un.

Ọjọ́rú, 20
Ọ̀gágun pè mí. Bọ́ọ̀sì tó wọ̀ lọ sọ́jà lánàá gun òkìtì ojú ọ̀nà, àpótí bá bẹ̀rẹ̀ orin nínú báàgì. Awakọ̀ kí i kú oríire, gbogbo èrò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó sọ fún wọn pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kọjá. Ó ní kí ló máa mú òun sọ ọ́.

Kò sọ̀ kalẹ̀ lọ́jà. Ó wọ bọ́ọ̀sì náà dé òpin, ó sì wọ òmíràn padà. Ó ní òkìtì wà lọ́nà àbọ̀ náà.